Pelourinho Ti Lẹ́wà, Onílé Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ni ẹ̀gbọ́n mi kan fi gbá mi mú ní ọjọ́ Gúúdù Fúráídè kan, nígbà tí mo lọ jẹ fùrèjọ́n nílé wọn ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé Àgùdà, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fi ebi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. A ti jẹ ẹ̀wà olómi àgbọn náà yó, a gbé àga síta, à ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà. Níwájú wa, mọ́tò méjì kọjú síra wọn lójú títì tóóró. Kò sí èyí tó fẹ́ padà sẹ́yìn fún èkejì. Fèrè ń dún, èébú ń fò.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, wọ́n ní: "Àbúrò, ìwọ tí o ti dé Bàhíà, ṣé o ò rí i pé ó yẹ kí wọ́n ti títì yìí pa mọ́ àwọn wèrè wọ̀nyí? Kí wọ́n tẹ́ òkúta dáadáa sílẹ̀, kí wọ́n kun gbogbo ilé wa ní ọ̀dà, kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn gbẹ̀fẹ́ níbí, kí àwọn òyìnbó máa wá ná owó, bí wọ́n ti ń ṣe ní Pelourinho. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Èmi ò kúkú dá wọn lóhùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán kì í dìde já ẹ̀gbọ́n nírọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Èkó tí a fẹ́ràn àwọn ilé àtijọ́ wa, bí a bá rí fọ́tò Pelourinho, àfi bíi kí a ká a kúrò ní Bràsíl, kí a wá tẹ́ ẹ sí Òpópónà Bámgbóṣé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n lóhùn níbí, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ tí kò lè yin ohun tó yẹ ní yínyìn, ìlara ló ń ṣe.

Pelourinho wà ní apá òkè ìlú Salvador, olú ìlú Bàhíà. Orí òkè gíga ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ní 1549, òkun sì wà nísàlẹ̀. Láti èbúté, ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda ni ènìyàn lè wọ̀, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1873. Bí o bá ti bọ́ sílẹ̀ lókè, tí o rìn díẹ̀, o dé gbàgede tí wọ́n ń pè ní Terreiro de Jesus. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú Pelourinho. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, ó gún ẹsẹ̀ díẹ̀ bí bàtà ẹni kò bá nípọn. Ilé alájà méjì, alájà mẹ́ta, tò lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan ní àwọ̀ òféèfèé, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan bí ẹyin adìẹ. Fèrèsé wọn ga, wọ́n fi bátànì funfun yí wọn ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Mọ́sálásí Ṣíttà-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá níwájú àwọn ilé àtijọ́ ní Kákáwá, ẹ ti mọ irú fèrèsé yẹn. Ọwọ́ kan náà ló kọ́ wọn.

Ọ̀gangan Pelourinho fúnra rẹ̀ kò rí gbọọrọ bí títì. Ó fẹ̀ níbì kan, ó há níbì kan, ó sì dà sí ìsàlẹ̀ bí ẹni da omi. Mọ́tò kì í kọjá níbẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni. Bí mo bá ní inú mi kò dùn nígbà tí mo dúró síbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo gbọ́ ohùn bàtà lórí òkúta, mo gbọ́ ìlù láti yàrá kan lókè. Ìyá kan tó wọ aṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n ń pè é, òórùn rẹ̀ sì fà mí bí ẹni fi okùn fà mí. Ta ni yóò dé irú ibẹ̀ tí kò ní sọ pé kí irú èyí wá sílé?

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tú àṣírí títì. Nílé wa, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fìtílà a tàn lókè àti nísàlẹ̀, ìyá kan a máa pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ẹnì kan a máa da omi ìwẹ̀ nù, ọ̀rọ̀ tọkọtaya a máa jáde láti fèrèsé. Mo gbójú sókè ní Pelourinho lálẹ́. Lórí ilé lẹ́yìn ilé, òkùnkùn ni. Nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni: àwòrán, ìlẹ̀kẹ̀, ọtí, aṣọ tí wọ́n kọ Bahia sí láyà. Àwọn ọlọ́pàá dúró ní ìkòríta. Àwa àlejò ń rìn, à ń wo ara wa. Ìgbà yẹn ni mo wá bi ara mi pé: àwọn tó ni ibí dà?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Orúkọ yẹn, Pelourinho, òpó ni. Òpó tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ ní gbangba ni, tí wọ́n ń so ẹrú mọ́, tí wọ́n ń nà án kí gbogbo ayé rí i. Salvador ni olú ìlú gbogbo Bràsíl títí di 1763, owó ṣúgà àti owó ẹrú ló kọ́ àwọn ilé mèremère wọ̀nyẹn. Àwọn olówó ló ń gbé òkè ilé, ẹrú ń gbé ìsàlẹ̀. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà, Rosário dos Pretos, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Rosárì àwọn Aláwọ̀ Dúdú. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1704, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí wọn kò ní àkókò tiwọn àfi èyí tí wọ́n bá jí nínú oorun. Nítorí náà, bí a bá ń béèrè ẹni tó ni Pelourinho, ẹni tó ni ìwé ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ká wò.

Àwa náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Bàhíà. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Malê, dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn nínú ìlú Salvador. Ogun náà kò jẹ. Ìjọba pa díẹ̀, ó na ọ̀pọ̀, ó lé àwọn mìíràn padà sókun. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ti ra ara wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ bọ̀ wálé, sí Àjàṣẹ́, sí Wìdà, sí Èkó. Àwọn ló di Àgùdà. Àwọn ló mú bíríkì, fèrèsé, fùrèjọ́n àti karẹ́tà wá fún wa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Pelourinho kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè létí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé baba wọn ni.

Nígbà tó yá, àwọn olówó Salvador kó lọ. Wọ́n rí ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, wọ́n kọ́ ilé tuntun sápá Vitória àti Barra, wọ́n fi àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀ fún ayálégbé. Yàrá tí olówó ti ń jó ijó ní ìjelòó, wọ́n fi pákó là á sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ń gbé ìlà kọ̀ọ̀kan. Alágbàfọ̀, alágbẹ̀dẹ, aránṣọ, oníbàtà, aṣẹ́wó, òṣìṣẹ́ èbúté, gbogbo wọn ló kún ibẹ̀. Àwọn onílé kò tún nǹkan ṣe. Òrùlé ń jò, ògiri ń dà wó pa ènìyàn. Ẹni tó bá ní Pelourinho ìgbà yẹn jẹ́ párádísè, kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Síbẹ̀, láti inú àwọn yàrá tó ń jò yìí ni ohun tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá sí Bàhíà lónìí ti jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, ìlù ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì ń lù jáde nígbà ọdún karẹ́tà. Ní 1979, àwọn ará Pelourinho dá ẹgbẹ́ onílù mìíràn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Olodum. Olódùmarè ni wọ́n gé kúrú. Ìlù àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Paul Simon wá gbà sínú àwo rẹ̀ tó jáde ní 1990, àwọn kan náà ni Michael Jackson wá bá jó lórí òkúta Pelourinho ní 1996. Kò sí ìjọba tó rán wọn níṣẹ́. Àwọn ọmọ títì ni wọ́n.

Ní 1985, àjọ UNESCO kọ orúkọ àárín ìlú Salvador sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Orí gbogbo ènìyàn wú. Obìnrin ayàwòrán-ilé kan wà nígbà náà, Lina Bo Bardi, ọmọ Ítálì tó ti di ará Bràsíl. Wọ́n pè é kó wá gbìmọ̀ bí wọn yóò ti tún àárín ìlú ṣe. Ohun tí obìnrin yìí wí, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún àdúgbò àtijọ́ ṣe gbọ́ ọ. Èrò rẹ̀ ni pé ẹ tún ilé ṣe kí ó má dà wó, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjà wà nísàlẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbé lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ladeira da Misericórdia. Ó ṣe Casa do Benin náà, ilé tí wọ́n ti ń fi ohun ìlú Bẹ̀nẹ̀ hàn, tí wọ́n ṣí ní 1988. Ṣùgbọ́n ìjọba yí padà, èrò náà kò sì rìn jìnnà.

Àwọn tó wá gba iṣẹ́ náà ní 1992 ní èrò tiwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Bàhíà ni, Antônio Carlos Magalhães sì ni gómìnà. Ìpele ìpele ni wọ́n fi ṣe é. Kí wọ́n tó tún ilé kan ṣe, wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jáde. Wọ́n fún àwọn kan ní owó gbà-má-bínú, owó tí kò lè ra yàrá kan níbòmíràn nítòsí. Àwọn kan gba ilé ní ẹ̀yìn odi ìlú. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò ní ìwé, kí ni wọn yóò fi bá ìjọba jà? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kúrò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kun ọ̀dà.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Lẹ́yìn àwọn ilé Pelourinho, ẹ̀yìnkùlé wà tí àwọn ènìyàn ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n ti ń sin adìẹ, tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ìjọba wó àwọn ahéré àti ògiri tó wà láàárín wọn, ó sọ inú agbo ilé di gbàgede, ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó ṣe pèpéle eré sí i. Ó wá ku orúkọ. Kí ni wọ́n sọ àwọn gbàgede náà? Wọ́n mú orúkọ láti inú ìwé ìtàn Jorge Amado, òǹkọ̀wé Bàhíà tó lókìkí jù lọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Quincas Berro d'Água, ọ̀kan ń jẹ́ Tereza Batista, ọ̀kan ń jẹ́ Pedro Archanjo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka àwọn ìwé náà, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ta ni Quincas? Ọ̀mùtí ni, tó fi iṣẹ́ ìjọba àti ilé rere sílẹ̀, tó lọ ń bá àwọn òtòṣì gbé. Ta ni Tereza Batista? Obìnrin tí wọ́n tà ní kékeré ni, tó di aṣẹ́wó, tó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi tipátipá lé wọn kúrò níbi tí wọ́n ń gbé. Ta ni Pedro Archanjo? Ìránṣẹ́ ilé ìwé ìṣègùn ni, tálákà aláwọ̀ dúdú tó fi ara rẹ̀ kọ́wèé nípa àwọn ènìyàn rẹ̀, tó sì jẹ oyè Ojúọba nílé Ṣàngó. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá jí dìde nínú ìwé ní 1992, tí wọ́n ń gbé Pelourinho, àwọn gan-an ni ìjọba ì bá kọ́kọ́ fún lówó ọkọ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lé ènìyàn tán, wọ́n wá fi orúkọ ènìyàn sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí èyí kì í bá ṣe ẹ̀sín, ẹ bá mi fún un lórúkọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi pín òwe wọn sí méjì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló mú òwe náà jẹ́ òótọ́? Ọba ló padà wọ ààfin tuntun. Ìlú kọ́ ọ fún un, ó sì wọ inú rẹ̀, ó jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀. Bí ààfin bá jó, tí wọ́n tún un kọ́ tán, tí wọ́n wá lé ọba lọ sínú oko, tí àlejò ń san owó wọlé láti wo àga tí ọba ti máa ń jókòó, ṣé ẹwà náà ni yóò bù sí i?

Ẹnì kan lè sọ pé: "Kí ni kí wọ́n ti ṣe? Kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ kó wó pa àwọn ènìyàn náà?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò ní fò ó. Ilé ń wó lóòótọ́. Olè wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó gba owó ni inú wọn dùn láti lọ. Ìjọba tún ṣe ju ilé lọ: ó ń sanwó fún eré ọ̀fẹ́ ní àwọn gbàgede náà kí èrò lè máa wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyẹn náà. Àdúgbò tí ó jẹ́ pé ìlù ti ń jáde ní gbogbo fèrèsé rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, òun ni ìjọba wá ń sanwó kí ìlù lè dún nínú rẹ̀. Bí owó bá fà sẹ́yìn, èrò a dín; bí èrò bá dín, oníṣọ́ọ̀bù a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Títì tó bá ní onílé, òjò ìbáà rọ̀, kí àlejò má wá, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jáde ra iyọ̀. Èyí ni ìyàtọ̀ títì àti pèpéle eré.

Ẹ má sì gbọ́ mi ṣì. Mọ́tò tí wọ́n lé kọ́ ni mo ń bá wọn jà sí. Ní Bràsíl yìí kan náà, nígbà tí Pelourinho ṣì ń jò, ìlú kan wà ní gúúsù, Curitiba, tí olórí ìlú rẹ̀, Jaime Lerner, ayàwòrán-ilé ni òun náà, ti títì ọjà tó lókìkí jù lọ nílùú pa mọ́ ọkọ̀ ní oṣù karùn-ún 1972. Rua XV de Novembro ni títì náà ń jẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pariwo pé ọjà àwọn kú, bí mọ́tò kò bá lè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò wá rà? Lerner mọ̀ pé bí òun bá fi ojú ọ̀sán ṣe é, wọn yóò gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Ìrọ̀lẹ́ Fúráídè ló kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde, nígbà tí yóò fi di Mọ́ńdè, òkúta ti wà nílẹ̀, òdòdó ti wà lórí rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fà á gùn dé ọ̀dọ̀ àwọn. Nígbà tí àwọn onímọ́tò sì ń lérí pé àwọn yóò fi tipá wọ títì náà padà, bébà gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń kun àwòrán. Ẹ sọ fún mi, onímọ́tò wo ni yóò gba orí àwọn ọmọ yẹn kọjá?

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ọgbọ́n àyínìke wà nínú rẹ̀, n kò sì ní sọ pé kí gbogbo olórí ìlú máa ṣe nǹkan lóru. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè náà: ẹni tó ń ta bàtà kò kúrò níbi tó ti ń ta bàtà. Oníbúrẹ́dì kò lọ. Mọ́tò nìkan ló lọ. Ní Pelourinho, mọ́tò lọ, ènìyàn náà bá a lọ. Iṣẹ́ méjèèjì jọra nínú fọ́tò. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá.

Ará Pelourinho kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìpele keje, àwọn tó kù níbẹ̀ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2002, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń dáàbò bo ará ìlú. Ní 2005, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: ìdílé 103 kò ní lọ, inú ilé tí wọ́n bá tún ṣe níbẹ̀ ni wọn yóò máa gbé. Tí a bá fi 103 wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ̀kán omi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi náà fi hàn pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe láti 1992 ṣeé ṣe. Ilé lè lẹ́wà, kí onílé wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn kò fẹ́ ẹ ni.

Ọdún 2005 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá tí mo ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Pelourinho, mo bi í pé ibo lẹ ń gbé. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó ní bọ́ọ̀sì méjì ni.

Nísinsìnyí, kí ló kan Èkó? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Àwa ti ṣe ti wa kí Bàhíà tó ṣe tiwọn. Ní 1955, àjọ LEDB, tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, kéde pé àwọn yóò wó ilé tó wà lórí éékà 70 láàárín Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ilé há, wọ́n ní ó dọ̀tí, wọ́n ní ojú ń ti orílẹ̀-èdè tó ń múra òmìnira. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrúlérè, níbi tí ilé tuntun wà. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris tó wá ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ìwé lé e lórí ní 1961. Ohun tó bá bọ̀ ni pé ilé Súrúlérè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyá oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n jìnnà sí àbúrò, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ìdílé tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán kí ara wọn láràárọ̀ di ẹni tó ń ríra nígbà ìsìnkú. Ibi tí wọ́n wó kò sì padà di tiwọn.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń ba nǹkan jẹ́ sì wà, ìyẹn ni kí a má tilẹ̀ tún un ṣe rárá. Ilé Ìlójò, èyí tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ní Tinúbu, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọgọ́ta ọdún ló fi jẹ́ ohun ìrántí lórí ìwé. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n gbé katakata dé, wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Àwọn tó ń gbé inú ilé àtijọ́ kò rí ẹni bá wọn tún òrùlé ṣe, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sì ń dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Nítorí náà, bí ọjọ́ kan bá ń bọ̀ tí ìjọba yóò sọ pé òun fẹ́ ti títì kan ní Pópó Àgùdà pa mọ́ mọ́tò, èmi yóò wà lára àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n n ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí n tó pàtẹ́wọ́. Èkíní: ayálégbé tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn lónìí, ibo ni yóò sùn ní ọjọ́ tí a bá gé rìbọ́nì? Kí ẹ má sọ fún mi nípa onílé nìkan, onílé lè ta ilé rẹ̀ kó lọ jayé níbòmíràn. Èkejì: ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́nu géètì, ṣé yóò ní ààyè rẹ̀ lórí òkúta tuntun, àbí wọn yóò sọ pé èéfín rẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́? Ẹ̀kẹta: bí àlejò kò bá wá fún ọdún kan gbáko, ta ni yóò máa rìn níbẹ̀? Bí ìdáhùn sí èyí bá jẹ́ "kò sí," a jẹ́ pé pèpéle eré ni wọ́n fẹ́ kọ́, kì í ṣe títì.

Mo padà lọ kí ẹ̀gbọ́n mi láìpẹ́ yìí. Mo sọ gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo òkè ilé wọn, níbi tí aṣọ àwọn ayálégbé ti ń gbẹ lórí okùn. Wọ́n ní: "Ìdílé mẹ́fà ló wà lókè yẹn. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí n tó gbéyàwó." Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n wá ní: "Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ńkọ́, àbúrò? Fèrè wọn fẹ́ pa mí."

Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ mọ́tò rọrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Curitiba fi ṣe tiwọn. Ìdílé mẹ́fà tó wà lókè yẹn ni kí a kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.